Santiago Ramón y Cajal, Ẹni tí ó Tú Àṣírí Ọpọlọ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù May, ọdún 1852, ni a bí Santiago Ramón y Cajal ní abúlé Petilla, ní ilẹ̀ Sípéènì. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán yíyà ni ọmọ náà fẹ́ràn. Nítorí agídí rẹ̀, bàbá fi í kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó sì tún fi í kọ́ iṣẹ́ bàtà rírán. Nígbà tí ó yá, bàbá mú un lọ sí itẹ́ òkú kí ó lè fi egungun kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn. Egungun tí ó ń yà ni ó fà á wọ inú ìmọ̀ ìṣègùn.

Ní ọdún 1873 ó gboyè ní Zaragoza. Ní 1874 a rán an lọ sí Cuba gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ọmọ ogun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣì wà lóko ẹrú níbẹ̀. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí ó tó padà sílé ní 1875.

Ní 1887 ó rí ọpọlọ tí a fi fàdákà kùn ní ọ̀nà tí Camillo Golgi ará Ítálì là sílẹ̀. Golgi gbà pé gbogbo iṣan ìmọ̀lára so pọ̀ bí àwọ̀n. Cajal tún ọ̀nà náà ṣe, ó sì yẹ ọpọlọ ẹyẹ wò. Ní 1888 ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró: ó ń kan ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò di ọ̀kan.

Díẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Yúróòpù tí ń ka èdè Sípéènì. Nítorí náà, owó ara rẹ̀ ni ó fi tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Berlin ní 1889. Àgbà ọ̀mọ̀wé Kölliker wò ó nínú awò, ó sì gbà á gbọ́. Ní 1906, òun àti Golgi jọ pín Ẹ̀bùn Nobel, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Golgi kò gbà fún un títí.

Ní 1903 ó tún fi fàdákà fi àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí hàn. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì tí a ń pè ní neurofilament wà nínú wọn. Èròjà tí ara ẹranko ń ṣe láti fi mú àjèjì ni a fi ń ṣàwárí rẹ̀. Ó ń dì mọ́ purotéènì yìí láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí iye rẹ̀ bá pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àmì pé iṣan ìmọ̀lára ń bàjẹ́.

Cajal kú ní Madrid ní ọjọ́ 17 oṣù October, ọdún 1934. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ojú ọ̀lẹ wo ọmọ tí ń yàwòrán: ọwọ́ tí a fẹ́ fi ṣe aránbàtà ni ó ya ọpọlọ fún gbogbo ayé rí.