John Maynard Keynes (1883–1946) àti Ọ̀rọ̀ Gbèsè Láàárín Orílẹ̀-Èdè

Ní ayé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bí onígbèsè kò bá rí owó san, olówó a máa rán ológò sí i. Ológò yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa jẹ, yóò máa mu nínú ohun ìní rẹ̀, yóò sì máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ orúkọ ológò rí, ṣùgbọ́n ìwà náà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ bá jà. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹrù gbèsè bá wà lórí onígbèsè nìkan, owó náà kì í sábà jáde, ọjà olówó pàápàá a sì bàjẹ́.

Ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 1883 ni wọ́n bí i sí ìlú Cambridge. Bàbá rẹ̀, John Neville Keynes, jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge. Ìyá rẹ̀, Florence Ada, ṣiṣẹ́ sin ará ìlú títí ó fi di méyọ̀ ìlú náà ní 1932. Keynes lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Eton, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní King's College ní 1905. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Íńdíà. Ọdún méjì péré ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó padà sí Cambridge láti máa kọ́ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti rí bí owó ilẹ̀ kan ṣe ń so mọ́ ti ilẹ̀ mìíràn. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, *Indian Currency and Finance*, jáde ní 1913. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé kò di dandan kí owó wúrà máa yí lọ́wọ́ ará ìlú kí owó orílẹ̀-èdè tó lè dúró ṣinṣin. Bí ìjọba bá ti ní ìpamọ́ tó péye tí ó lè ná ní òkèèrè, ó tó.

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní gbé e dé Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1915. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá owó òkèèrè tí wọn yóò fi ra ohun ìjà àti oúnjẹ. Nígbà tí ogun parí, òun ni olórí aṣojú Ilé Iṣẹ́ náà ní ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919. Àwọn tó ṣẹ́gun fẹ́ gba owó ìtanràn ńlá lọ́wọ́ Jámánì, àwọn náà sì jẹ ara wọn ní gbèsè. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n jẹ Amẹ́ríkà. Keynes dá a lábàá pé kí wọ́n fagi lé gbèsè tó wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jagun, kí ìtanràn Jámánì sì mọ níwọ̀n. Wọn kò gbà. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù, ó sì kọ *The Economic Consequences of the Peace* kí ọdún náà tó parí. Ó ṣírò níbẹ̀ pé ohun tí agbára Jámánì lè gbé kò ju bílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn lọ. Ní 1921, iye tí àwọn aṣẹ́gun kọ sílẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 132 máàkì wúrà, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ìṣirò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí máàkì lẹ́yìn náà ti di àríkọ́gbọ́n. Ìjọba Jámánì ń tẹ owó láti fi dí àlàfo ìṣúná rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù wọ àgbègbè Ruhr ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1923 láti fipá gba ìtanràn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì ń tẹ owó sí i láti bọ́ wọn. Ní oṣù Bélú ọdún náà, dọ́là kan di tírílíọ̀nù 4.2 máàkì. Owó tí àwọn ènìyàn ti fi pamọ́ láti ìgbà èwe wọn kò ra búrẹ́dì mọ́. A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìtanràn: ìjọba Jámánì fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbówó orí tó yẹ. Onímọ̀ Faransé kan, Étienne Mantoux, tilẹ̀ kọ ìwé láti fi hàn pé Jámánì lè san ju bí Keynes ti wí lọ, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán.

Keynes pàápàá jìyà lọ́wọ́ owó òkèèrè. Ó fi owó ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé máàkì àti àwọn owó Yúróòpù kan yóò já wálẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1920, àwọn owó náà gbéra sókè fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ohun tí ó ní sì wọmi. Owó tí ó yá ni ó fi là á já. Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ padà ṣẹ lẹ́yìn náà.

Ní 1925, ọdún tí ó gbé Lydia Lopokova, oníjó ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níyàwó, ọ̀rọ̀ náà kan ilé. Winston Churchill, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná, dá pọ́n-ùn padà sórí wúrà ní iye tí ó wà ṣáájú ogun, ìyẹn dọ́là 4.86. Keynes ṣírò pé iye yìí fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ga ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ọjà Gẹ̀ẹ́sì tó lè tà ní òkèèrè, owó rẹ̀ ní láti wálẹ̀. Kí ó sì tó wálẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọn yóò gé. Àwọn awakùsà èédú ni ó kọ́kọ́ kàn. Ní oṣù Èbìbí 1926, òṣìṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1931, nígbà tí wúrà ń ṣàn jáde lójoojúmọ́, ìjọba já pọ́n-ùn kúrò lára wúrà. Kí ọdún tó parí, kò tó dọ́là 3.50 mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa. Láti 1912 ni àjọ West African Currency Board ti so owó tí a ń ná ní Nàìjíríà mọ́ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń sọ bí owó ọwọ́ àgbẹ̀ kòkó ní Ìbàdàn àti Oǹdó yóò ti tó sí dọ́là, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè.

Ní 1936 ni *The General Theory* jáde, ìwé rẹ̀ lórí àìríṣẹ́ṣe, èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àrùn ọkàn dá a wó. Síbẹ̀, ó padà sí Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná ní 1940, kò sì gba owó oṣù. Láti 1941 ni ó ti ń to ètò kan fún ìgbà tí ogun bá parí: ilé ìṣirò kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú owó tirẹ̀ tí ó pè ní bancor. Orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá pọ̀ jù yóò san owó lé e; èyí tí èrè rẹ̀ bá kóra jọ jù náà yóò san, kí ó lè rí ìdí láti ra ọjà lọ́wọ́ àwọn yòókù tàbí kí ó yá wọn lówó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Aṣojú orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods ní Amẹ́ríkà ní oṣù Agẹmọ 1944. Amẹ́ríkà ni olówó, ètò tí aṣojú rẹ̀, Harry Dexter White, mú wá ni ó sì borí. Wọ́n dá àjọ IMF àti Báǹkì Àgbáyé sílẹ̀, wọ́n so owó àwọn orílẹ̀-èdè mọ́ dọ́là, dọ́là sì so mọ́ wúrà. Kò sí owó tí ẹni tó ń jèrè yóò san. Keynes gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí kò bá sí àjọ rárá, ipò onígbèsè yóò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1945, ó gba Washington lọ láti tọrọ owó fún ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà ti dá ìrànwọ́ ogun dúró. Ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń retí. Ohun tí ó gbà ni ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3.75 dọ́là, pẹ̀lú èlé ìdá 2 nínú 100, àti àdéhùn pé láàárín ọdún kan tí ẹ̀yáwó náà bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ta ọjà tí ó sì gba pọ́n-ùn lè pààrọ̀ rẹ̀ sí dọ́là. Ó padà sílé, ó sì gbèjà àdéhùn náà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti 1942. Ọkàn rẹ̀ kò gba wàhálà náà mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Igbe 1946, ní ilé rẹ̀ ní Tilton, ní ẹni ọdún 62. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láyé nígbà náà.

Kò rí bí àdéhùn náà ti parí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ 1947 ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn pàṣípààrọ̀. Gbogbo ẹni tó ní pọ́n-ùn ló ń sáré wá dọ́là, dọ́là tí wọ́n yá sì ń tán lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún, ìjọba ti ìlẹ̀kùn náà padà. Ìparí ọdún 2006 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó san gbèsè náà tán.

Nàìjíríà wọ àjọ IMF ní 1961. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí gbèsè òkèèrè sì wọ̀ wá lọ́rùn, ní 1985, gbogbo ìlú jíròrò bóyá kí a yá owó lọ́wọ́ àjọ náà pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀. Ará ìlú kọ ẹ̀yáwó náà. Síbẹ̀, ní 1986, wọ́n jẹ́ kí náírà já wálẹ̀. Títí di òní, orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè ni a ń sọ fún pé kí ó ṣọ́wó ná. Ìbéèrè tí Keynes gbé lọ sí Bretton Woods, ohun tí ó yẹ kí olówó náà ṣe, ṣì wà nílẹ̀ láìrí ìdáhùn.