Al-Jazari, Ẹni Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Ní Ìlù Lílù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lóṣù yìí. Kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe ọba. Ismail ọmọ al-Razzaz ni orúkọ rẹ̀, Badi' al-Zaman ni wọ́n fi ń pọ́n ọn lé, ìyẹn ẹni àrà ọ̀tọ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Al-Jazari ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé kéú mọ̀ pé jazira ni erékùṣù. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò Tigris àti Euphrates ni àwọn Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ìdí tí a fi mú un kò jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù àti jẹnẹrétọ̀ ṣe kò wọ́n ní Òkìtìpupa níbí, àwọn míì sì ń fẹ́ fi ṣíìpù kékeré bíi ti Arduino ṣe ẹ̀rọ tó ń dá orin kọ. Ṣíìpù náà kò ní ohùn nínú. Iná ni ó ń tàn tó sì ń pa ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì so sípíkà mọ́ ọn, ẹ ó gbọ́ ohùn kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 880, ohùn náà á gòkè. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó wá kọ àṣẹ sínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: dún níbí, dákẹ́ níbí, padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òyìnbó ayé òde òní ló kọ́kọ́ ronú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ìtàn yìí.

Ní ọdún 570 Hijira, ìyẹn 1174, Al-Jazari bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọba Artuqid ní agbègbè Diyarbakir, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ó sin bàbá, ó sin ọmọ, ó sì tún sin àbúrò ọmọ, Nasir al-Din Mahmud. Ó ṣe agogo olómi, ó ṣe ilẹ̀kùn idẹ fún ààfin, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, tó ní irú káràńkì tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Orí adágún omi ni wọ́n ń gbé e sí níbi àpèjẹ ọba. Ère olórin mẹ́rin ló jókòó sínú rẹ̀: afunfèrè, ẹni tó ń ta háàpù àti onílù méjì. Àgbá omi fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ wọn. Omi á jáde ní àkókò tí a dá fún un, á já lu kẹ̀kẹ́ tó ní ife yíká ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì yí. Ọ̀pá tó gba àárín kẹ̀kẹ́ ní èèkàn kéékèèké lára. Bí ọ̀pá ṣe ń yí, èèkàn á tẹ ìdí apá onílù, apá á gbéra, á sì já lu ìlù. Omi tó ti ṣiṣẹ́ tán á dà sínú ìkòkò tó dé pa, á ti afẹ́fẹ́ jáde, fèrè á dún.

Ibi tí èèkàn bá wà ni ìlù ti ń dún. Ibi tí kò bá sí, ìlù á dákẹ́. Ẹ yọ èèkàn kan, ẹ kì í bọ ibòmíràn, ìlù ti yí padà nìyẹn. Noel Sharkey, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó pe àkíyèsí ayé sí èyí. Àṣẹ tí ẹ̀ ń kọ sínú ṣíìpù, èèkàn ni Al-Jazari fi kọ tirẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ronú irú rẹ̀ o. Àwọn ọmọ Musa mẹ́ta ní Baghdad ti ṣàpèjúwe fèrè tó ń fun ara rẹ̀ ní ohun tó lé ní 300 ọdún ṣáájú.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé àpèjẹ wo ni. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀: ìpín tí ọkọ̀ yìí wà nínú ìwé rẹ̀, ti ohun èlò ìjókòó ọtí láàfin ni. Ọtí haramu ni, ààfin kò sì lè sọ ọ́ di halali. Lórí ohun èlò orin, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò, ẹ bi alfa yín. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n omi kan náà ló fi ṣe ohun mìíràn. Ọba Mahmud kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ tàbí ẹrúbìnrin máa da omi sí òun lọ́wọ́ nígbà àlùwàlá. Al-Jazari ṣe ère ọmọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún da omi láti inú ìkòkò, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ di aṣọ ìnuwọ́, dígí àti òòyà mú.

Ọba yìí kan náà ló rí i pé bí ọkùnrin náà bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ lè bá a kú. Ó pàṣẹ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo iye alágbẹ̀dẹ àti oníṣègùn ilẹ̀ wa tó ti kó àṣírí iṣẹ́ wọn wọ sàárè, tí ọmọ wọn gan-an kò mọ̀ ọ́n! Al-Jazari kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀rọ 50 ló kọ sínú ìwé náà ní ìpín 6, ó ya àwòrán wọn, ó fi lẹ́tà sàmì sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó kọ bí a ṣe ń lẹ pákó mọ́ pákó kí ó má baà wọ́, bí a ṣe ń fi bébà ṣe àwòṣe kí a tó gé idẹ, bí a ṣe ń lọ ojú fáàfù títí omi kò fi ní jò. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan ṣáájú òun kọ ohun tí wọn kò dán wò, òun kò sì gba iṣẹ́ tí a kò tíì dán wò gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ọdún 1206 ló parí ìwé náà.

Èdè Lárúbáwá tí à ń kọ́ yín ló fi kọ ọ́. Síbẹ̀ Donald Hill, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jókòó kọ́ èdè náà, tó sì tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1974. Èyí dùn wá díẹ̀. Ní 1976, nígbà àjọ̀dún ayé Ìsìláàmù ní Lọ́ńdọ́nù, wọ́n tẹ̀ lé ohun tí Al-Jazari kọ, wọ́n ṣe agogo olómi ńlá rẹ̀ sí Science Museum, agogo náà sì ṣiṣẹ́.