Abdus Salam: Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sá nílé kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà kú

Ní ọdún 1951, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan padà sí ìlú Lahore, lórílẹ̀-èdè Pakistan, láti Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe lórí ìmọ̀ fisíìsì ti jẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Government College, níbi tí wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní kó yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta mọ́ iṣẹ́ olùkọ́: kó máa bójú tó ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kó máa tọ́jú owó, tàbí kó ṣe olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ló mú. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Abdus Salam lorúkọ rẹ̀. Òun ló padà di ọmọ Pakistan àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Jhang ló ti dàgbà. Ní 1940, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ó gba máàkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá Yunifásítì Punjab. Lọ́jọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ wọ̀lú láti Lahore, tọmọdé tàgbà Jhang ló tú jáde láti pàdé rẹ̀. Owó tó gbé e dé Cambridge ní 1946, owó ogun ni. Ìjọba Punjab ti kó o jọ nítorí Ogun Àgbáyé Kejì, ogun sì parí kí wọ́n tó ná an tán, ni wọ́n bá fi rán àwọn ọmọ àgbẹ̀ nílé ìwé lókè òkun. Salam tètè lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, India ti pín sí méjì.

Ìyà tó jẹ ẹ́ ní Lahore kì í ṣe ti ebi. Kò sí ẹnì kan nítòsí tó lè bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó kọ́. Ìwé tuntun lórí ìmọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, owó àtilọ sí àpérò kò sì sí. Onímọ̀ fisíìsì kò dà bí àgbẹ̀ tó lè dá oko rẹ̀ ro. Bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí lóṣù tó kọjá, kò ní pẹ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ á fi di ti àtijọ́. Ní 1953, wàhálà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Lahore lòdì sí ìjọ Ahmadiyya, ìjọ tí kò ṣàjèjì ní Èkó, tí Salam sì jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ní 1954, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Cambridge. Ní 1957, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù. Owó Punjab ló rán an nílé ìwé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń jẹ èrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí irú ìtura bẹ́ẹ̀ á gbàgbé ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Salam. Ní 1960, ó gbé àbá kan lọ síwájú ìpàdé àjọ IAEA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì lágbàáyé, pé kí wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ fisíìsì láti ilẹ̀ tálákà. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó kan kò fara mọ́ ọn. Ìtálì ló gbà, òun ló sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ní 1964, ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ ní Trieste, ìlú etíkun kan ní Ìtálì, Salam sì darí rẹ̀ títí di 1993.

Ọgbọ́n owó tó wà nínú ètò rẹ̀ ló yẹ kéèyàn wò dáadáa. Olùkọ́ yunifásítì láti Áfíríkà tàbí Éṣíà á wá lo ìgbà ìsinmi rẹ̀ ní Trieste, bí oṣù mẹ́ta, láàrin àwọn àgbà onímọ̀, á sì padà lọ fi oṣù mẹ́sàn-án yòókù kọ́ àwọn ọmọ nílé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ á ṣì máa san owó oṣù rẹ̀, ibùdó á gbọ́ bùkátà ìrìnnà, ibùgbé àti oúnjẹ. Kò sídìí láti yan ọ̀kan láàrin ìlú ẹni àti iṣẹ́ ẹni. Àmọ́ Trieste kò lè sọ owó oṣù di ńlá. Ẹni tó bá rántí bí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 1986 á mọ̀ pé oṣù mẹ́ta nílùú òyìnbó kò tó láti dá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun dúró.

Síbẹ̀, Salam kò fi owó tirẹ̀ pamọ́. Owó ẹ̀bùn Atoms for Peace tó gbà ní 1968 ló fi ń gbé àwọn ọ̀dọ́ Pakistan lọ sí Trieste. Nígbà tí òun, Sheldon Glashow àti Steven Weinberg jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1979, nítorí wọ́n fi hàn pé agbára mànàmáná òun ìfàmọ́ra mágínẹ́ẹ̀tì àti agbára kékeré kan tó wà nínú átọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀kan náà, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ tálákà ló ná ìpín tirẹ̀ lé lórí. Ní 1988, ibùdó náà wà lára àwọn tó ran ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti fisíìsì IMSP lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀.

Ìlú rẹ̀ kò bá a rẹ́. Ó ti ń ṣe olùdámọ̀ràn sáyẹ́ǹsì fún ààrẹ Pakistan láti 1961, ó sì fipò náà sílẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tí wọ́n ṣòfin pé ọmọ ìjọ Ahmadiyya kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò tìtorí ìyẹn jọ̀wọ́ ìwé ọmọ onílùú Pakistan rẹ̀. Ó kú ní Oxford ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, 1996, lẹ́ni ọdún 70, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Rabwah, ní Pakistan. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ibojì rẹ̀ pé òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà, Mùsùlùmí, rẹ́. Ní 1997, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó Trieste.