Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Iṣẹ́ Ọlọ́run Nínú Ọkàn Olórí

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti Bàbáńlá lọ sí Èsìẹ́ rí yóò ti gbúròó àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn mọ iṣẹ́ púpọ̀: irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti ìjókòó ọlọ́lá, gbogbo rẹ̀ hàn lára òkúta. Ṣùgbọ́n láti òde nìkan li ọwọ́ ènìyàn lè ṣiṣẹ́ lára òkúta. Kò lè wọ inú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ọlọ́run ń ṣe olórí nínú Ìjọ Rẹ̀. Nígbà tí àwa bá fẹ́ yan bàbá ìjọ, tàbí olùkọ́, tàbí alága ẹgbẹ́, òde li a ń wò: agbo-ilé tí ó ti jáde wá, ìwé tí ó kà, àti bí ohùn rẹ̀ ti dùn tó. Inú ni Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa pẹ́ níbẹ̀.

Nítorí èyí li a ṣe fẹ́ rán yín létí ìgbésí-ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Gbogbo wa li ó mọ̀ pé òun ni ènìyàn dúdú kíní tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ wa. Kì í ṣe oyè náà li a fẹ́ sọ ní pàtàkì, bí kò ṣe ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀ kí oyè tó dé, àti lẹ́yìn tí oyè ti dé.

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807 ní Òṣoògùn, ìlú kan ní apá Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, bí àwọn ìyá ti ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́, ogun dé. Àwọn Fúlàní, àwọn Ọ̀yọ́ tí ó ti di Mùsùlùmí, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́wọ́ olúwa wọn, li ó wà nínú ogun náà. Baba rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn nílé, ó tún jáde lọ láti jà, Àjàyí kò sì rí i mọ́. A fi okùn so ọmọdékùnrin náà pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, a sì kó wọn lọ. Kò pẹ́ tí a fi yà á kúrò lára wọn, tí a fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Irú ogun bẹ́ẹ̀ li ó tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní ilẹ̀ Ìgbómìnà pẹ̀lú ní ọ̀rúndún náà. Nítorí náà ìtàn yìí kò ṣe àjèjì sí wa.

A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ó rí i pé a ń mú un súnmọ́ etí òkun, ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú li òru láti fún ara rẹ̀ li ọrùn pa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é dé òpin. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí li Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ lọ sí Sàró. Ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ọdún náà ni Àjàyí gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ní Sàró, láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ẹ kíyèsí i pé ìwé kíkà ṣáájú ìyípadà ọkàn. Ó di bí ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là pé oko-ẹrú mìíràn wà, tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ọkọ̀ ogun kankan kò sì lè yọ ènìyàn nínú rẹ̀: oko-ẹrú ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà náà li ó fi ara rẹ̀ fún Kristi, a sì ṣe ìsàmì fún un ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, tíí ṣe orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ tí ó kọ ní ọdún 1837, ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ ibi tí a mú òun lẹ́rú ti di ọjọ́ ìbùkún lójú òun. Kò sọ pé ìwà ìkà dára. Ohun tí ó sọ ni pé ọwọ́ Ọlọ́run gùn ju ọwọ́ ìkà lọ. Ẹni tí ó bá lè wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ báyìí, ìbínú kò lè fi í ṣe ẹrú mọ́.

Ẹ tún wo bí ó ti pẹ́ tó. Ní ọdún 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Lẹ́yìn èyí ó ṣe olùkọ́ ní àwọn ìletò Sàró fún ọdún púpọ̀ lábẹ́ àṣẹ àwọn ẹlòmíràn. Ó gbé Susan níyàwó, ọmọbìnrin tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun náà. Ní ọdún 1841 a mú un lọ pẹ̀lú àwọn tí ó gòkè Odò Ọya, ìrìn-àjò tí ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú rẹ̀. Ní ọdún 1843 ni Bíṣọ́ọ̀bù London fi í jẹ díákónì, tí ó sì di àlùfáà. Láti ìsàmì dé oyè àlùfáà, ọdún 18 ni. Àwọn mìíràn nínú wa, bí a bá ti ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lẹ́ẹ̀méjì níwájú ìjọ, a ń bi ara wa léèrè ìdí tí a kò fi tíì fi wá ṣe olórí.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Henry Townsend. Kò pé oṣù kan tí ó débẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ fi tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ẹnu kò lè sọ ayọ̀ ọjọ́ náà tán. Síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò kánjú sàmì sí i nítorí pé ó jẹ́ ìyá àlùfáà. Arúgbó náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bí àwọn ìyókù ti kọ́ ọ, ó sì di ọdún 1848 kí a tó ṣe ìsàmì fún un pẹ̀lú àwọn àkọ́so Abẹ́òkúta, tí a sì pè é ní Hannah. Ilé li a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí kò fi ojúsàájú ba ẹ̀kọ́ jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, òun li a lè fi ilé Ọlọ́run lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí ó tún ọkàn rẹ̀ ṣe jù, lójú tiwa, ni ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́. Atúmọ̀ kò lè jẹ́ agbéraga, nítorí pé a kò lè mọ ọ̀rọ̀ bí a kò bá dákẹ́ gbọ́. Crowther fi etí sílẹ̀ fún àwọn àgbà, títí kan àwọn abọ̀rìṣà, kí ó lè mọ Yorùbá tí ó jinlẹ̀. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní ọdún 1850. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀, ó sì run ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan kọ́ li ó ṣe iṣẹ́ náà, Thomas King àti àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́. Ọdún 1884 ni ìtumọ̀ gbogbo Bíbélì sì tó parí. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin Ọlọ́run lónìí: àdúrà, àlùfáà, wòlíì, ìwàásù. Ẹnu àwọn Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni wọ́n ti wá. Ọkùnrin tí ogun tí Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀ sọ di ẹrú kò kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nítorí ìbínú. Ó gbà á, ó sì fi í yin Olúwa.

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní London, fẹ́ kí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Crowther kò fẹ́ gbà, nítorí pé ó ka ara rẹ̀ sí aláìyẹ. Townsend, tí wọ́n ti jọ jìyà pọ̀, ti tako èrò náà tipẹ́, nítorí pé kò fẹ́ kí òyìnbó wà lábẹ́ ènìyàn dúdú. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà ọdún 1864 a yà á sí mímọ́ ní Kátídírà Canterbury. Ṣùgbọ́n a kò fi àwọn òyìnbó tí ó wà li Abẹ́òkúta sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣe irú èyí sí àwa, a óò ti dá ìjọ sí méjì. Crowther gba apá tí a fún un, ó sì lọ sí iṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan ní apá Ìdá mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀ dè, ó sì ń bèèrè owó ìràpadà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà wọ́n sílẹ̀ kú nípa ọfà olóró. Ọkùnrin tí ó ti di ẹrú rí ní kékeré tún di ìgbèkùn li àgbà. Síbẹ̀ kò kọ Odò Ọya sílẹ̀.

Ní ọdún 1872 ó wá sí Ìlọrin, itòsí wa níhìn-ín. Ó jókòó pẹ́ níwájú Ẹ́míà àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Kò pẹ̀gàn ẹ̀sìn wọn, kò sì fi ti ara rẹ̀ pamọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè, Bíbélì Yorùbá ni ó ń ṣí láti fi dá wọn lóhùn. Àwa tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ jọ ń gbé agbo-ilé kan, tí a jọ ń sin òkú, tí a jọ ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ìdí láti kórìíra ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ.

Ìdánwò tí ó le jù ni èyí tí ó kẹ́yìn. Agbègbè Crowther tóbi, Èkó ni ó sì ń gbé, láti ibẹ̀ ni ó ti ń fi ọkọ̀ lọ bẹ àwọn ìjọ wò. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ hu ìwà tí kò yẹ, àwọn mìíràn sì fi òwò ṣíṣe dí iṣẹ́ Ìhìnrere lọ́wọ́. Òun a máa lọ́ra láti dá ènìyàn lẹ́bi, ó sì ṣeéṣe kí ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ti pọ̀jù nígbà mìíràn. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí pé olórí tí kò ní àbùkù kò sí lábẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú ìgbìmọ̀ fi àṣẹ tí kì í ṣe tiwọn dá àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣẹ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Dandeson tí ó ti di Áṣídíákónì. Bíṣọ́ọ̀bù náà, tí ó ti lé li ẹni ọgọ́rin ọdún, fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó sọ ohun tí kò tọ́ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n kò fi Ìjọ sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e àrùn ẹ̀gbà kọlù ú, ó sì sùn nínú Olúwa li Èkó ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó li a fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ju ọdún 50 lọ kí ènìyàn dúdú mìíràn tó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àgbègbè tirẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Òtítọ́ kì í kú. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a yà á sí mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ti ìrònúpìwàdà ní Kátídírà kan náà, nítorí ìyà tí Ìjọ fi jẹ Crowther. Ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa tètè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí a bá ti ṣẹ̀, kí etí rẹ̀ tó di.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí a fi ipò kan lé lọ́wọ́ nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí á wádìí ara wa. Nígbà tí a bá fi ẹlòmíràn ṣe alága dípò wa, kí ni ó ń dàgbà nínú wa? Nígbà tí a bá gbé wa lọ sí ìletò kékeré, ǹjẹ́ a ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ojú Ọlọ́run wà níbẹ̀? Nígbà tí a bá rẹ́ wa jẹ, ǹjẹ́ a lè sọ òtítọ́ láìṣe ìkà? Nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn kò kà sí, ni Ọlọ́run ti ń ṣe olórí. Àwọn ère Èsìẹ́ kò lè yí padà mọ́. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ wọn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ń ṣe wá kò tíì kúrò lára wa. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú wa títí dé òpin, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.