Gandhi àti Kẹ̀kẹ́ Ìrànwú

Bí a bá dárúkọ Mohandas Karamchand Gandhi, ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìjà òmìnira tí kò ní ìbọn nínú. Lọ́tẹ̀ yìí, òwú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ aṣọ gba ìdajì ayé ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ èdè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó kan àwa ọmọ ẹ̀ka yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní ìlú Porbandar, ní agbègbè Gujarat, ní ilẹ̀ Íńdíà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí àwọn ìjòyè ọba ìlú náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n fẹ́ Kasturba fún un. Ní 1888 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin, nígbà tó sì di 1891 ó ti di lọ́yà. Kóòtù òyìnbó àti táì ló ń wọ̀ nígbà náà.

Ní 1893 ó lọ ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1914. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìyà láì ju òkò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi apá kan ìtàn pamọ́: ní àwọn ọdún tó kọ́kọ́ lò níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwa ènìyàn dúdú. Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Gánà ṣe jà títí wọ́n fi gbé ère rẹ̀ kúrò ní ọgbà wọn ní 2018. Lójú tèmi, wọ́n jàre. A lè gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ènìyàn láì sọ ọ́ di òrìṣà.

Ní 1909, nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kúrò ní London padà sí Gúúsù Áfíríkà, ó kọ ìwé Hind Swaraj. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ ẹ́, a fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ lọ. Èdè Gujarati, èdè abínibí rẹ̀, ló fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́yà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni. Nínú ìwé náà ló ti ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sídìí òfì. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì fojú rí òfì tàbí kẹ̀kẹ́ ìrànwú nígbà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ aṣọ? Àwọn òyìnbó ń ra òwú Íńdíà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń kó o lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Lancashire, wọ́n sì ń dá a padà ní aṣọ tí ọmọ Íńdíà yóò fi owó rà. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ àti àwọn obìnrin tó ń ranwú nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902 kí òwú má bàa wọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ Lancashire kan náà, wá òwú dé Ìbàdàn.

Gandhi padà sílé ní 1915. Nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ní ibùdó wọn ní Ahmedabad, òwú ẹ̀rọ ni wọ́n ṣì ń lò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti lè rí kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Opó kan, Gangaben Majmundar, ló wá a kiri títí tó fi rí i ní Vijapur. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti gbé kẹ̀kẹ́ wọn sórí àjà, wọ́n ní àwọn yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹnì kan bá lè máa kó òwú gbígbọ̀n wá, kó sì máa ra èyí tí àwọn bá ran. Èyí yé mi dáadáa: iṣẹ́ ọwọ́ kò kú níbẹ̀, ọjà rẹ̀ ló kú. Aṣọ òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran, tí wọ́n fi ọwọ́ hun yìí ni wọ́n ń pè ní khadi.

Ní oṣù keje ọdún 1921, wọ́n dáná sun òkìtì aṣọ òkèèrè ní Bombay. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní Madurai, Gandhi bọ́ aṣọ tó ń wọ̀ sílẹ̀, ó sán bàǹtẹ́ bíi ti àwọn tálákà, kò sì wọ aṣọ mìíràn ju bẹ́ẹ̀ àti ìborùn lọ títí ó fi kú. Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà fún un. Akéwì Rabindranath Tagore bá a jiyàn gbangba: ó ní kò dára kí a dáná sun aṣọ níbi tí ènìyàn wà ní ìhòòhò, kẹ̀kẹ́ nìkan kò sì lè gba orílẹ̀-èdè là. Ọ̀rọ̀ Tagore wúwo lójú mi. Àwọn òṣìṣẹ́ Lancashire pàápàá pàdánù iṣẹ́. Ní 1931, Gandhi lọ bá wọn ní Darwen, ó ṣàlàyé fún wọn pé ebi tó ń pa àwọn ará abúlé Íńdíà ju tiwọn lọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ṣẹlẹ̀ ní 1935. Owó tí àwọn obìnrin tó ń ranwú ń gbà kéré jọjọ. Gandhi ní kí ẹgbẹ́ àwọn aranwú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, fi owó kún owó wọn kí ó lè bọ́ wọn, bí aṣọ yóò bá tilẹ̀ wọ́n sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọ khadi ní láti san owó tó tọ́ sí ẹni tó ṣe é.

Wọ́n yìnbọn pa á ní Delhi ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ní khadi nìkan ni kí wọ́n fi ṣe àsíá Íńdíà. Ní ìparí 2021 wọ́n yí òfin náà padà, pọlísítà tí ẹ̀rọ hun ti wọ inú rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa náà ń ra àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lókè òkun, nítorí ó dín owó. Kò burú kí tálákà ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dá aṣọ ẹgbẹ́ jọ fún àṣekágbá wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iye tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn tàbí aláàádìrẹ Abẹ́òkúta yóò gbà. Òwò tí a bá mú wá ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí ìdí láti kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́ náà, àti láti máa sọ orúkọ ohun èlò òfì kọ̀ọ̀kan fún wọn, orúkọ tí àwa ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò fẹ́ kọ sílẹ̀ lọ́la.