William Sheldon, Ẹni Tó Fi Nọ́ńbà Díwọ̀n Ènìyàn àti Owó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ó dá mi lójú pé ẹ kò tíì gbàgbé orúkọ William Herbert Sheldon. Òun ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ó pín ara ọmọ ènìyàn sí mẹ́ta: endomorph, tó sanra tí ara rẹ̀ sì rọ̀, mesomorph, tó ki tó sì ní iṣan, àti ectomorph, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì wa, a sì bá tiwa lọ. Ohun tí kò sí nínú ìwé wa ni pé títí dòní, níbikíbi tí àwọn tó ń kó owó wúrà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà jọ bá ti ń jiyàn lórí iye tó yẹ kí ẹyọ kan jẹ́, orí nọ́ńbà tí Sheldon gbé kalẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn. Ọkùnrin kan náà ló fún ara ènìyàn ní máàkì, tó sì fún owó ẹyọ ní máàkì. Mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín, nítorí mo rò pé ó kan iṣẹ́ tí àwa náà ń kọ́.

Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1898 ni wọ́n bí Sheldon ní ìlú Warwick, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa ẹranko, tó sì ń sìn wọ́n. Ilé tí a ti ń ya ẹran tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára ni ọmọ náà ti dàgbà. Ó lọ sí Yunifásítì Brown. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Chicago, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sàíkọ́lọ́jì ní 1925, tó sì tún gba oyè ìṣègùn ní 1933. Ó rìn dé Yúróòpù, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Carl Jung. Ní Jámánì, Ernst Kretschmer ti gbé èrò kan jáde ṣáájú rẹ̀ pé bí ara ènìyàn bá ṣe rí ni ìwà rẹ̀ àti àìsàn ọpọlọ rẹ̀ yóò ṣe rí. Sheldon gba èrò yìí, ṣùgbọ́n ó ní kò tó kí a kàn máa pe orúkọ. Nọ́ńbà ni òun fẹ́.

Ìfẹ́ kejì wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ara ènìyàn: owó bàbà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ǹtì ńlá. Láti 1793 títí dé 1857 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe é. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń tẹ owó náà, nítorí náà irin méjì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá lójú tó dára lè mọ irin tó tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nípa bí irun ère náà ṣe tẹ̀ tàbí ibi tí ewé kan dúró sí. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni: kí a wo nǹkan méjì tó jọra títí a ó fi rí ohun tó yà wọ́n.

Ó dé Harvard ní 1938. Ní 1940, ìwé rẹ̀ The Varieties of Human Physique jáde. Ó ti kó fọ́tò àwọn ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó tó 4,000 jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìhòòhò, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 1 dé 7. Ẹni tó bá jẹ́ 7-1-1 ni àwa máa pè ní oróbó pátápátá. 1-7-1 ni alágbára tí àyà rẹ̀ fẹ̀. 1-1-7 ni lẹ́pa tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Ẹni tó jẹ́ 4-4-4 wà láàárín gbogbo wọn.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí ni, ìjà kì bá tí sí. Ṣùgbọ́n ní 1942 ó tẹ ìwé mìíràn, níbi tó ti so ìwà mọ́ nọ́ńbà náà. Ó ní ẹni tó sanra ló fẹ́ràn oúnjẹ àti àwùjọ, ẹni tó ki ló fẹ́ràn ewu àti ìjà, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló fẹ́ràn àdáwà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó yẹ iṣẹ́ náà wò rí àléébù ńlá kan níbẹ̀: Sheldon fúnra rẹ̀ ló wo ara, òun náà ló tún fún ìwà ní máàkì. Ojú tó ti rí oróbó tẹ́lẹ̀ ló ń wá ìwà oróbó. Ní 1949, ó tẹ ìwé lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 200 ní Boston tí wọ́n kà sí oníwàkiwà, ó sì gbìyànjú láti fi hàn pé ara wọn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ gbà pé ó yẹ kí a máa yan àwọn tí yóò bímọ, bí ìgbà tí a ń yan ẹran. Àwọn baba wa ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọdún 1949 yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí owó jáde, Early American Cents. Inú rẹ̀ ló ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, láti 1 dé 70. Ẹyọ 1 ni èyí tó ti pa rẹ́ débi pé agbára káká la fi lè mọ ohun tó jẹ́. 70 ni èyí tó rí bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ irin, láìní àbàwọ́n kankan. Kí ló dé tó fi jẹ́ 70, tí kì í ṣe 100? Ọjà ló wò. Ó rí i nínú owó sẹ́ǹtì ọdún 1794 pé èyí tó dára jù ń lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 70 iye èyí tó burú jù. Nítorí náà, bí ẹyọ 1 bá jẹ́ dọ́là 1, ẹyọ 20 yóò jẹ́ dọ́là 20, ẹyọ 70 yóò sì jẹ́ dọ́là 70. Ó rò pé òun ti sọ iye owó di ìṣirò.

Ọjà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láàárín ọdún mélòó kan, iye àwọn ẹyọ tó dára jù ti fò kọjá ohun tí ìṣirò náà sọ, ìṣirò náà sì kú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nọ́ńbà náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mú un kúrò lára bàbà, wọ́n gbé e lé fàdákà àti wúrà. American Numismatic Association sọ ọ́ di òṣùwọ̀n gbogbogbòò ní àwọn ọdún 1970. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1987, NGC tẹ̀lé e. Ẹ ó sanwó fún wọn, wọn yóò wo owó yín, wọn yóò fún un ní máàkì, wọn yóò sì dè é mọ́ inú ike tí a kọ nọ́ńbà náà sí.

Lórí wúrà ni mo ti rí i pé iyàn náà le jù. Ẹ mú owó wúrà 20 dọ́là tí Augustus Saint-Gaudens ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣe láti 1907 sí 1933. Ó wúwo tó gíráàmù 33.4, wúrà ni ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyókù jẹ́ bàbà. Bó ti wù kó burú tó, iye wúrà inú rẹ̀ kò ní lọ. Ohun tí àwọn olùkójọ ń bá ara wọn jà lé lórí ni iye tó lé lórí wúrà yẹn. Inú àpò ni àwọn báńkì máa ń kó owó yìí sí, wọn a máa ha ara wọn, nítorí wúrà rọ̀. Ẹyọ kan lè má dé ọjà rí, kí ara rẹ̀ sì kún fún ìlà. Bí orúnkún tàbí àyà obìnrin tó wà lára rẹ̀ bá wá ṣókùnkùn díẹ̀, ìbéèrè dé: ṣé ọwọ́ àwọn tó ná an ló pa á lára ni, àbí inú àpò ló ti fara ha èkejì? Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni, kò lè kọjá 58. Tó bá jẹ́ àpò ni, ó lè gba 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògbóǹtarìgì méjì lè wò ó lábẹ́ awò kan náà, kí wọ́n má fẹnu kò.

Láàárín 60 àti 70, Sheldon kò lò ju 60, 65 àti 70 lọ. Lónìí, nọ́ńbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Owó ẹyọ mìíràn wà tí iye rẹ̀ máa ń ju ìlọ́po méjì lọ tó bá kúrò ní 64 bọ́ sí 65. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń fọ́ ike, wọ́n á dá owó náà padà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á máa retí kí ojú mìíràn fún un ní máàkì tó ga jù. Nígbà mìíràn, ó máa ń bọ́ sí i. Owó kò yí padà. Ojú ló yí padà. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ mìíràn, CAC, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì mọ́ ara ike láti sọ bóyá máàkì tí àwọn ti ìṣáájú fún un tọ́.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ti ọdún 1933. Wọ́n ṣe 445,500, ṣùgbọ́n ìjọba ti pàṣẹ pé kí owó wúrà kúrò lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n sì yọ́ wọn padà. Díẹ̀ ló sá jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo tí òfin gbà kí ẹnì kan ní lọ́wọ́ ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní 2002 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 7.5 dọ́là, tí wọ́n sì tún tà ní 2021 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 18.9. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 65. Ẹ bi ara yín bóyá 65 ló mú iye yẹn wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Sheldon fúnra rẹ̀? Ní 1950, ó lọ ya fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Washington ní Seattle. Òbí kan fẹjọ́ sùn, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà sì kó fọ́tò wọ̀nyẹn, wọ́n sun wọ́n. Barbara Heath, tó bá a ṣiṣẹ́, kẹ́yìn sí i nítorí Sheldon kò gbà pé nọ́ńbà ara ènìyàn lè yí padà bí ọjọ́ orí àti oúnjẹ rẹ̀ bá yí padà. Òun àti Lindsay Carter ṣe ọ̀nà mìíràn jáde ní 1967, èyí tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ṣì ń lò. Sheldon kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àṣírí kan tú ní American Numismatic Society, ní New York. George Clapp ti fi sẹ́ǹtì ńlá tirẹ̀ ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ, wọ́n sì gba Sheldon láàyè láti máa yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí wọ́n fi àwọn owó náà wé fọ́tò wọn àtijọ́, wọ́n rí i pé Sheldon ti pààrọ̀ èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó mú èyí tó dára, ó fi tirẹ̀ tí kò dára tó o sípò rẹ̀. Iye wọn kò dín. Ọdún àti irin tó tẹ wọ́n kò yàtọ̀. Máàkì nìkan ló yàtọ̀, máàkì ló sì jí. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, tó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Mo mọ̀ pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A mọ ohun tó wà láàárín 69 àti 70, a sì mọ ohun tó wà láàárín 4.49 àti 4.50. Èmi kò sọ pé kí a má wọn nǹkan. Láìsí ìwọ̀n, kò sí sàíkọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa máa tó wà ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, tí a ó máa kọ nọ́ńbà sínú fáìlì ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ike owó wúrà ṣeé fọ́, kí a sì tún un wọ̀n. Fáìlì ọmọ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ń bọ̀ yóò kà á, ojú rẹ̀ yóò sì máa wá ohun tó kà. Nítorí náà, nígbà tó bá kàn wá, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọjọ́ tí a ṣe ìdánwò náà, irú ìdánwò tó jẹ́, àti orúkọ ẹni tó ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ojú ènìyàn kan ló wò ó lọ́jọ́ kan.