John Loudon McAdam (1756–1836): Ẹni Tí Ó Tún Ìlànà Ọ̀nà Ṣíṣe Gbé Kalẹ̀

John Loudon McAdam jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1756 sí 1836. Kì í ṣe ẹni tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ ọ̀nà ṣíṣe. Oníṣòwò ni, onílẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, òun ni ó fi ìlànà tuntun lélẹ̀ lórí bí a ṣe ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ojú ọ̀nà. Ìlànà náà tàn ká ayé, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tarmac, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ń lò lójoojúmọ́, láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. A kọ ìtàn ayé rẹ̀ síhìn-ín nítorí pé ìbéèrè tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí, èyí tí í ṣe ohun tí omi ń ṣe sí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀nà, náà ni ó ń kojú àwọn tí ń ṣe ọ̀nà ní Warri àti ní gbogbo agbègbè olómi Ìpínlẹ̀ Delta títí di òní.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1756 ni wọ́n bí McAdam ní ìlú Ayr ní ilẹ̀ Scotland. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ilé ọlọ́lá ni ilé wọn, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ilé náà ti ń lọ sílẹ̀ kí ọmọ náà tó dàgbà. Ní ọdún 1770, baba rẹ̀ kú. Wọ́n sì fi ọmọ ọdún 14 náà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí baba rẹ̀ kan tí ó ń ṣòwò ní New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

New York ni ó ti kọ́ òwò, ibẹ̀ náà ni ó sì ti là. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ogun òmìnira dìde, ẹ̀yìn ọba Gẹ̀ẹ́sì ni McAdam wà. Lára ohun tí ó mú owó wọlé fún un nígbà ogun náà ni títa ẹrù inú àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọdún 1778, ó fẹ́ Gloriana Nicoll níyàwó. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1783, tí ẹ̀yìn ọba kò sì ṣe é wà mọ́ ní ilẹ̀ náà, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Scotland.

Bí Ọ̀rọ̀ Ọ̀nà Ṣe Di Tirẹ̀

Ó ra ilẹ̀ àti ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sauchrie ní agbègbè Ayrshire. Gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ọ̀nà àdúgbò náà. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, nítorí pé iṣẹ́ oníbodè ni ó jọ jù lọ: wọn a gbé ẹnubodè sójú ọ̀nà, wọn a gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tàbí ẹran kọjá, wọn a sì fi owó náà tún ọ̀nà ṣe. Ìyàtọ̀ kan tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kì í sábà rí àtúnṣe náà. Àwọn tí wọ́n fi ṣe alábòójútó kò mọ iṣẹ́, owó oṣù wọn kéré, ìwé ìṣirò wọn kò sì yé ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju kí wọ́n da òkúta ńláńlá àti erùpẹ̀ sí kòtò lọ. Òjò a rọ̀, kẹ̀kẹ́ a tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ a sì tún di ẹrẹ̀.

McAdam tún dáwọ́ lé òwò mìíràn lásìkò yìí: ó bá wọn dá ilé iṣẹ́ tí ń yọ ọ̀dà lára èédú sílẹ̀. Òwò náà kò san án. Ẹni tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pe títì ọlọ́dà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ti fi ọ̀dà pàdánù owó, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fìgbà kan fi ọ̀dà ṣe ọ̀nà rí.

Ní ọdún 1798, ó kó lọ sí Falmouth ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìlú Bristol ṣe ibùgbé. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò yéé rin ọ̀nà, kò sì yéé wò ó. Nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ìrìn tí ó rìn láti yẹ ọ̀nà wò kárí ilẹ̀ náà tó 30,000 máìlì, owó àpò ara rẹ̀ tí ó sì ná lé iṣẹ́ yìí lé ní 5,000 pọ́n-ùn.

Ìlànà Rẹ̀

Ohun tí McAdam rí lẹ́yìn ìrìn yìí lòdì sí èrò àwọn ènìyàn ìgbà náà. Wọ́n gbà pé òkúta orí ọ̀nà ni ó ń gbé ẹrù. Òun ní ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń gbé e. Bí ilẹ̀ náà bá gbẹ, kò sí ẹrù tí kò lè gbé, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, kò sí bí òkúta ṣe lè pọ̀ tó tí kò ní í rì. Nítorí náà, òrùlé ni ó ka ojú ọ̀nà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti má ṣe jẹ́ kí òjò dé ibi tí ẹrù jókòó lé.

Láti inú èrò kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìlànà rẹ̀ ti jáde. Èkíní, kí ojú ọ̀nà ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, kí gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa fa omi lọ. Èkejì, kí àárín ọ̀nà yọ díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ínṣì 3 ti tó fún àárín láti fi ga. Ẹ̀kẹta, òkúta fífọ́ tí ó ní igun ni kí a lò. Kò gbọdọ̀ sí èyí tí ó wúwo ju ounce 6 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 170. Àwọn alábòójútó rẹ̀ a máa gbé òṣùwọ̀n dání láti wọn òkúta lójú iṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe po erùpẹ̀ tàbí amọ̀ mọ́ òkúta náà, nítorí erùpẹ̀ a máa mu omi. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ òkúta náà, tí igun èyí yóò fi wọ inú igun tọ̀hún, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì dì pọ̀ bí ara kan. Bí ìpele òkúta yìí bá ti nípọn tó ínṣì 10, ó ti tó.

Ní ọdún 1816, ìgbìmọ̀ ọ̀nà Bristol fi í ṣe alábòójútó, ó sì wá rí ibi tí ó ti lè fi iṣẹ́ hàn. Ọdún náà ni ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà ṣíṣe jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 1819. Thomas Telford, ẹnjiníà ńlá tí òun náà jẹ́ ọmọ Scotland, ń lo ìlànà mìíràn lásìkò kan náà: ó máa ń to òkúta ńláńlá sí ìpìlẹ̀ kí ó tó da wẹ́wẹ́ lé e. Ọ̀nà Telford lágbára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. McAdam ní ìpìlẹ̀ olókùúta ńlá kò pọn dandan, kódà lórí irà. Ó fi ọ̀nà kan ní agbègbè Somerset ṣe ẹ̀rí níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1819, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń mì bí kẹ̀kẹ́ bá ń kọjá, síbẹ̀ tí òkúta orí rẹ̀ kò tètè jẹ bí èyí tí a tẹ́ sórí àpáta. Ìdí ni pé ilẹ̀ rírọ̀ tí a dáàbò bo kúrò lọ́wọ́ omi a máa fàyè gba ẹrù díẹ̀, nígbà tí òkúta tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti àpáta a máa lọ̀ kúnná.

Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìṣàkóso. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí alábòójútó ọ̀nà jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́, kí owó oṣù rẹ̀ tó o jẹ, kí ìwé ìṣirò rẹ̀ sì wà fún àyẹ̀wò. Lójú tirẹ̀, àìmọ̀ àti owó tí a kò rí ìdí rẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́ tó bí òjò ti ń bà á jẹ́.

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn tí wọ́n fọ́ òkúta náà. Àwọn tálákà ni, àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú òòlù kékeré, tí wọ́n ń fọ́ òkúta láti òwúrọ̀ di alẹ́. McAdam rí èyí gẹ́gẹ́ bí oore, nítorí pé ó pèsè iṣẹ́ fún ẹni tí kò lágbára iṣẹ́ líle. Ṣùgbọ́n lórí ìnira wọn ni òkìkí rẹ̀ dúró lé.

Ìgbà Ogbó àti Ikú Rẹ̀

Lẹ́yìn ìwádìí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní ọdún 1823, ìlànà rẹ̀ di ìtẹ́wọ́gbà, ìjọba sì fún un lówó nítorí èyí tí ó ti ná. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì di alábòójútó ọ̀nà káàkiri. Ní ọdún 1823 kan náà, wọ́n ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ó ti sá kúrò ní 40 ọdún ṣáájú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ oyè Sir, ó kọ̀ ọ́ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. James ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́. Ó kú ní Moffat ní Scotland ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 1836, lẹ́ni ọdún 80.

Ohun Tí Ó Tẹ̀yìn Rẹ̀ Jáde

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, ọ̀nà McAdam kò lè dá dúró mọ́. Eré táyà a máa fa ìyẹ̀fun òkúta jáde, eruku a sọ, òkúta a sì tú. Ní ọdún 1902, Edgar Purnell Hooley, ọmọ ilẹ̀ Wales, gba ìwé àṣẹ lórí ìlànà pípo ọ̀dà mọ́ òkúta kí a tó tẹ́ ẹ. Èyí ni tarmac. Ọ̀dà wá ṣe ohun tí McAdam ń lé kiri: ó sọ ojú ọ̀nà di òrùlé ní tòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò dé. Ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tí à ń pè ní CBR. Wọn a kì ilẹ̀ tí wọ́n bù lójú iṣẹ́ sínú agolo irin, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn a wá ti irin wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi agbára tí ó gbà wé ti òkúta fífọ́. Bí èsì bá ṣe kéré tó ni ìpele ọ̀nà yóò ṣe nípọn tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú ìdánwò yìí lò fún pápákọ̀ òfurufú, níbi tí ẹrù ẹsẹ̀ bàálù kan ti wúwo ju ti ọkọ̀ ilẹ̀ lọ fíìfíì. Ọjọ́ mẹ́rin inú omi yẹn ni ìbẹ̀rù McAdam tí a sọ di òṣùwọ̀n.

Ẹ̀kọ́ Ayé Rẹ̀ fún Warri

Ní ilẹ̀ Warri, omi ni ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Orí odò àti ipadò ni àwọn Ìṣẹ́kírì, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, àti àwọn Ìjọ́ ti ń fi ọkọ̀ ṣòwò kí títì tó dé. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún a máa ju mìlímítà 2,500 lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà sókè, kò sì sí àpáta nítòsí. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó òkúta wá. Lórí irú ilẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ ilé ìfọpo tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 sí, lórí rẹ̀ náà ni pápákọ̀ òfurufú Osubi wà. Ọ̀nà tí ó so Warri mọ́ Port Harcourt rí omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022, tí àkúnya omi bo àwọn apá kan rẹ̀.

Yangí àti ọ̀dà kò lè gba ọ̀nà là níbi tí gọ́tà bá ti dí. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Onílé ọ̀nà ni ẹni tí ó gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò, àti ẹni tí ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà rẹ̀. Ohun tí McAdam fi ayé rẹ̀ sọ kò pọ̀: kí a gbé ọ̀nà sókè, kí a lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí a sì fi ẹni tí ó mọ iṣẹ́, tí ìṣirò rẹ̀ mọ́, ṣọ́ ọ. Iye ìgbà tí a ń tún ọ̀nà kan náà ṣe ni yóò máa sọ bóyá a gbọ́.